Lìádì, Agbẹnusọ Sinimá Tí Kò Lóhùn

Ìgbà ìkẹyìn tí Rùkáyátù gbọ́ ohùn Lìádì ọkọ rẹ̀, inú ọkọ̀ tó ń gbé e lọ sí ọsibítù n'Ìbàdàn ló wà, ó yọrí lójú fèrèsé. Kò sọ̀rọ̀ àìsàn, kò sọ̀rọ̀ ogún. Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, má jẹ́ kí tísà sọ ìparí rẹ̀ fún wọn o. Èmi ni n ó sọ ọ́." Lọ́jọ́ kẹta ni wọ́n gbé òkú rẹ̀ padà wá sí Erunmu, ìlú wọn, wọ́n sì sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Ìparí tó ń sọ, ìparí sinimá kan ni, sinimá tí kò lóhùn.

Ohun tí gbogbo Erunmu kọ́kọ́ máa ń rántí nípa Lìádì ni ti lẹ́tà.

Máàsínjà ni Lìádì ní ọ́fíìsì kan n'Ìbàdàn fún ọdún mẹ́rìnlélógún. Lọ́dún 1988 tó fẹ̀yìn tì, wọ́n ń palẹ̀ yàrá kan mọ́, wọ́n bá ẹ̀rọ sinimá àfọwọ́yí kan níbẹ̀ pẹ̀lú agolo fíìmù mẹ́fà, ti àwọn òyìnbó ayé àtijọ́. Àwọn akọ̀wé ní kí wọ́n lọ dà á nù, pé ẹnu àwọn tó wà nínú rẹ̀ ń mì, ohùn ò jáde. Lìádì ní kí wọ́n fún òun. Wọ́n bi í pé kí ló fẹ́ fi odi ṣe. Ó ní, "Èmi á máa bá wọn sọ ọ́."

Bí sítọ̀ọ̀ kòkó tó ṣófo ṣe di ilé sinimá nìyẹn, lọ́sàn-án Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun. Wọ́n á fi àpò dí fèrèsé, wọ́n á ta aṣọ funfun mọ́ ògiri. Bátìrì mọ́tò ló ń tan iná, Rùkáyátù ló ń yí ọwọ́ ẹ̀rọ, Lìádì á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ tòun tọ̀pá lọ́wọ́. Ìtàn minísítà kan ni, tó fẹ́ràn obìnrin akọrin kan. Àwọn ọ̀tá jí ìwé ìjọba, wọ́n fi sínú àpò obìnrin náà, kí wọ́n lè sọ pé minísítà ti ta ìlú. Àbẹ̀kẹ́ ni Lìádì sọ obìnrin náà. Oríkì ìyàwó rẹ̀ sì nìyẹn. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, ọwọ́ Rùkáyátù dúró lórí ẹ̀rọ, minísítà sì wà lórí ìkúnlẹ̀ títí ìtìjú fi kúrò lójú ìyàwó.

Láàárín àwòrán, ìwé òyìnbó máa ń ṣàdédé bo gbogbo ojú aṣọ. Lìádì ò mọ̀ ọ́n kà. Á kàn ní, "Lẹ́tà dé," á sì ti inú ara rẹ̀ sọ ohun tó wà nínú lẹ́tà náà. Ó pẹ́ kí Ìyá Múyì tó ń ta epo tó béèrè pé kí ló dé tí ọkùnrin àtobìnrin tó jókòó sídìí tábìlì kan náà ń kọ lẹ́tà síra wọn. Lìádì ò tiẹ̀ ronú. "Wọ́n ń jà ni. Wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀." Láti ọjọ́ náà, bí tọkọtaya bá ń bínú síra wọn n'Erunmu, wọ́n á ní wọ́n ti ń kọ lẹ́tà.

Kọ́lápọ̀, tísà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ni kò lè mú un mọ́ra. Ó dìde. "Bàbá, ẹ má bínú, kì í ṣe lẹ́tà. Ohun tí wọ́n ń fẹnu sọ ni wọ́n kọ síbẹ̀."

"Tísà, bí wọ́n bá lè fẹnu sọ ọ́, kí ni wọ́n wá ń kọ ọ́ fún?"

Síbẹ̀, àwọn èèyàn ní kí tísà gbìyànjú. Ó ka ti àkọ́kọ́: "Oṣù mẹ́ta kọjá." Ìyá Múyì bi í pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀. Tísà ní kò sẹ́ni tó sọ ọ́, wọ́n kàn kọ ọ́ ni. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ kó jókòó, kí Lìádì máa bá lẹ́tà tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí ìbò káńsù ń bọ̀, Lìádì sọ minísítà di ẹni tó ń du ipò alága, kó lè yé wọn dáadáa. Bàṣírù, ọ̀kan nínú àwọn tó ń du ipò náà, gbọ́. Òun àti ìyàwó rẹ̀ wá, wọ́n jókòó níwájú pátápátá. Bí Lìádì ṣe rí wọn, ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ló sọ ẹni inú sinimá di dókítà eyín. Dókítà eyín ń bá èrò rẹpẹtẹ sọ̀rọ̀, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un. Dókítà eyín ń gba ojú fèrèsé wọ ilé obìnrin. Nígbà tó parí, Bàṣírù fa Lìádì lọ sẹ́yìn sítọ̀ọ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó yí i padà. Ó wá ní, "Ṣùgbọ́n ta ló sọ ti fèrèsé yẹn fún yín?" Kò mọ̀ pé ìyàwó òun ti tẹ̀ lé òun débẹ̀.

Agolo márùn-ún ni Erunmu wò, tí wọ́n ń wò ó lọ́dọọdún. Ìdérí agolo kẹfà ti dípẹtà, kò ṣeé ṣí, àfìgbà tí alágbẹ̀dẹ kan bá wọn ṣí i lọ́dún 1994. Níparí ìkarùn-ún, minísítà dúró lójú gbogbo ayé, ó ní òun ò mọ Àbẹ̀kẹ́ rí, kí ipò má baà bọ́ lọ́wọ́ òun. Gbogbo ìlú ń retí bóyá obìnrin náà á dárí jì í.

Lìádì kì í fi agolo kan han èèyàn láìkọ́kọ́ dá a wò. Ó wọlé lọ lóun nìkan. Nígbà tó jáde, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó gbé ọ̀pá rẹ̀ lé orókùn.

Rùkáyátù fi orúkọ ọmọ wọn pè é, ó ní, "Bàbá Zubaidah, ṣé Àbẹ̀kẹ́ dárí jì í?"

"Ìwọ ńkọ́? Wàá dárí jì í?"

Rùkáyátù ní ó dọwọ́ ohun tó bá wá sọ fóun.

"Ohun tí mo ṣì ń wá nìyẹn," Lìádì ní. "Ohun tó máa sọ fún un."

Kí Jímọ̀ tó pé ni àìsàn gbé e ṣánlẹ̀.

Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́, tísà wá, ó ṣí fìlà. Rùkáyátù ti ń múra láti sọ fún un pé Lìádì ò fẹ́. Tísà ní, "Ìyá, mi ò ní kà á. Ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́. Èmi á bá yín yí ẹ̀rọ."

Àwọn méjèèjì ló wọ sítọ̀ọ̀ náà. Ọkùnrin inú sinimá dé lábẹ́ òjò, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà Àbẹ̀kẹ́, ẹnu rẹ̀ mì pẹ́ títí. Àbẹ̀kẹ́ gbọ́ ọ, ó rẹ́rìn-ín tomijé tomijé, ó sì ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún un. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni tísà dá a padà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni Rùkáyátù la ẹnu lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ, tí kò rí nǹkan kan sọ.

Àwọn ará Erunmu ò tíì wo agolo kẹfà. Ohun tí ọkùnrin yẹn sọ fún Àbẹ̀kẹ́, kò tíì sẹ́ni tó sọ ọ́.