Kúlísúmù Mọ Ibi Tí Ilẹ̀ Pin Sí

Nígbà tó fi máa di ọdún 1978, ilé ti gba gbogbo ibi tí ìyá Kúlísúmù ń gbin ẹ̀gẹ́ sí. Ọ̀dà ti bo ebè mọ́lẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sì ń kó ẹrù wọlé sí Festac lójoojúmọ́. Bí Kúlísúmù bá ń gba títì tuntun náà kọjá lọ sí Agboju, ojú rẹ̀ kì í rí ilé. Ewé ẹ̀gẹ́ ló máa ń rí, tí atẹ́gùn ọ̀sà ń fẹ́ síwá sẹ́yìn, àti ìyá rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láàárín wọn. Á dúró sójú ọ̀nà bí ẹni tó ń sùn lóòró, títí mọ́tò á fi fun fèrè mọ́ ọn.

Ọmọ Amúwo gan-an ni, ó ti tó ẹni ogójì ọdún. Nígbà tó wà ní kékeré, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin lọ sí iléèwé. Wọ́n ní kí ni obìnrin fẹ́ fi ìwé ṣe. Bàbá rẹ̀ wá ń mú un lọ sóko. Kúlísúmù á fọwọ́ kan pèrègún kọ̀ọ̀kan tí wọ́n fi pààlà dé inú irà etí omi, bàbá á ní, "Kà á," á sì kà á.

Lẹ́yìn tí ìjọba gba ilẹ̀ tó fi kọ́ Festac, irà etí omi yẹn nìkan ló kù fún ẹbí. Wọ́n fẹ́ gba ìwé lórí rẹ̀, wọ́n bá pe wọnlẹ̀wọnlẹ̀ kan, Ọ̀gbẹ́ni Ọláníran. Sàláwù, ẹ̀gbọ́n Kúlísúmù tó jẹ́ olórí ẹbí, kọ orúkọ àwọn tó ni ín sílẹ̀. Ọkùnrin mẹ́fà ni. Kò sí obìnrin kankan níbẹ̀.

"Ilé ọkọ ni obìnrin ń gbé," ni Sàláwù wí.

"Ilé ọkọ wo, Bọ̀dá?" ni Kúlísúmù bi í. Ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn ará ilé ọkọ sì ti kó ẹrù rẹ̀ síta.

Nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, àwọn ọkùnrin náà wá ààlà títí, wọn ò rí i; ẹrẹ̀ ti bo pèrègún mọ́lẹ̀. Ẹbí tí wọ́n jọ pààlà ń sọ pé tiwọn ló pọ̀ jù. Ọláníran pa ìwé rẹ̀ dé. "Mi ò lè wọn ohun tí ẹ̀yin fúnra yín ò mọ̀."

Wọ́n bá ránṣẹ́ pe Kúlísúmù. Ọ̀sán ni, ọyẹ́ bo ojú omi bí aṣọ funfun. Ó dúró létí irà.

"Ẹ kọ́kọ́ kọ orúkọ mi, àti ti àbúrò mi, Morónkẹ́."

Sàláwù rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́. Ó wo àwọn ẹbí kejì, ó wo ilẹ̀. "Ẹ kọ ọ́," ló sọ fún Ọláníran.

Kúlísúmù dúró títí wọ́n fi kọ ọ́ tán, ó bọ́ bàtà, ó wọnú irà. Ẹrẹ̀ tutù mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó sì dà bíi pé ó tún kéré, pé ẹnì kan ń rìn lọ níwájú rẹ̀ nínú ọyẹ́, tí kò bojú wẹ̀yìn. Ibi tó bá ti dúró, wọ́n á gbẹ́ ibẹ̀, wọ́n á bá gbòǹgbò pèrègún nísàlẹ̀. Mọ́kànlá ni gbogbo rẹ̀. Àgbà ẹbí kejì wò ó títí, ó mi orí, ó ní òótọ́ ni.

Ibi tí ẹrẹ̀ ti jìn jù ni wọ́n pín fún un. Ó ń da iyanrìn sí i díẹ̀díẹ̀ títí ó fi kọ́ yàrá méjì, Àyìnkẹ́ ọmọ rẹ̀ sì ń ti ibẹ̀ lọ sí iléèwé.

Sàláwù kò bá a sọ̀rọ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ló yọ, ó jókòó síwájú ilé, ó ní kó fún òun lómi mu. Ó mu ún tán.

"Bàbá ò mú mi lọ sóko rí," ló sọ. "Iléèwé ni wọ́n rán mi lọ."

"Mo mọ̀, Bọ̀dá."

Wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀, iná Festac ń tàn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń mì lórí omi.