Ìrẹsì Tí A Kò Ṣà

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Màídúgùrì, tí Haúsá yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu ju Yorùbá lọ, oríṣi ìrẹsì méjì ni ìyá mi ń tọ́jú fún iṣẹ́ ìhìnrere. Inú àpò kan náà ni méjèèjì ti ń jáde o, ẹ̀yin ọmọ mi. Bí òyìnbó míṣọ́nnárì tó ti òkè òkun wá bá fẹ́ bẹ̀ wá wò, a ó tẹ́ ìrẹsì sórí àtẹ, a ó máa ṣa òkúta inú rẹ̀ títí ojú yóò fi máa ta wá. Èyí tó ń lọ sí Dálórí, abúlé kan nítòsí ìlú, fún ọmọ Yorùbá tí ìjọ wa rán lọ wàásù níbẹ̀ àti ìyàwó rẹ̀, a kì í ṣà á. Mo bi ìyá mi léèrè nígbà kan.

"Òyìnbó kì í jẹ òkúta," ni wọ́n wí. "Ti Dálórí, ọmọ wa ni. Eyín wa ló wà lẹ́nu rẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín. Lójú tèmi náà, ẹni tí kò wọkọ̀ òfuurufú wá kì í ṣe míṣọ́nnárì.

Ọjọ́ Sátidé kan, ìyá mi mú mi dání lọ sí Dálórí.

"Sannu da zuwa, ìyá mi kékeré!" ni ìyàwó ajíhìnrere fi pàdé mi. "Ṣé mo ti ń gbọ́ Haúsá báyìí?"

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan wú. Ìyá mi béèrè ohun tó ṣe é.

"Eyín ni, Mà. Òkúta inú ìrẹsì ló ṣẹ́ ẹ." Ó fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan rẹ́rìn-ín. "Ṣùgbọ́n kí ni màá sọ? Bí ẹ̀yin náà ṣe ń jẹ ẹ́ nìyẹn, ẹ sì tún ń bù fún wa níbẹ̀. Bí eyín yìí bá ti ń dùn mí, eyín tiyín ni mo máa ń gbàdúrà fún."

Mo wo ìyá mi. Ìyá mi wo ilẹ̀. A kò sọ fún un pé à ń ṣa ti òyìnbó.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, odindi ọjọ́ méjì ni ìyá mi fi ṣa ìrẹsì Dálórí. Nígbà tí a débẹ̀, ilẹ̀kùn wà ní títì. Bàbá Kànúrí tó múlé tì wọ́n ní ojú obìnrin náà wú títí, ibà sì dá a dùbúlẹ̀, ni ọkọ rẹ̀ bá gbé e lọ sílé, sílẹ̀ Yorùbá. "Sun tafi," ni bàbá náà ń wí, wọ́n ti lọ. Wọn kò padà wá mọ́. A gbé ìrẹsì wa padà, a sè é, a jẹ ẹ́. Kò sí òkúta kankan níbẹ̀. N kò rántí bóyá ó dùn.

Nígbà tí mo wọ yunifásítì nílùú yẹn kan náà, àwọn ẹgbẹ́ mi ní ìdàpọ̀ Kristẹni ń kọ orúkọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ ìhìnrere lókè òkun. Dálórí ni mo kọ. Wọ́n ní ìtara mi pọ̀. Kì í ṣe ìtara. N kò mọ ohun tí à ń pè é.

Lónìí, àwọn ọmọ tiwa ló ń wọkọ̀ òfuurufú lọ wàásù, tí ìjọ ń fi orin sìn wọ́n sọ́nà. Ó dára. Ìrẹsì ayé ìsinsìnyí kò tilẹ̀ ní òkúta mọ́. Síbẹ̀, kí n tó bù ú fún ajíhìnrere tó wà nítòsí, màá tẹ́ ẹ sórí àtẹ. Àwọn ọmọ-ọmọ mi a ní, "Màmá, kí lẹ ń wá?" Ọwọ́ mi á kàn máa ṣà á lọ.