Alágbàfọ̀ àti Eruku Baálé

Ọ̀sán gangan ni eruku ẹyẹ náà máa ń dùn ún wò jù. Bí oòrùn bá ti gba ojú fèrèsé wọ yàrá ìlọṣọ, tí ooru áyọ́ọ̀nù ń rọra gòkè, eruku funfun tó ń bọ́ lára odídẹrẹ́ á máa fò láàárín méjèèjì, á máa lọ, á máa bọ̀, bí ẹni tí kò rántí ibi tó ń rè mọ́. Alágbàfọ̀ á gbé áyọ́ọ̀nù dúró, á máa wò ó bí ẹni ń lálàá. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni yóò wá rántí pé ọ̀tá òun ni.

Ọ̀tá ni, kí ló kù! Ọkùnrin tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Fọ̀ọ́-mọ́, tí kò lè fi aṣọ lé oníbàárà lọ́wọ́ bí àbààwọ́n tó tó orí abẹ́rẹ́ bá wà lára ẹ̀.

Ìyàwó ẹ̀ ló ni ẹyẹ. Baálé ló sọ ọ́. Bí ẹ bá gbọ́ "Baálé, ṣé ẹ ti jẹun?" nínú ilé yẹn, kì í ṣe ọkọ ni wọ́n ń bá wí o. Ọmọ wọn kan ṣoṣo ti lọ sílé ọkọ, ilé ti dákẹ́, ẹyẹ yìí ló sì ń bá obìnrin náà tàkúrọ̀sọ nígbà tí ọkọ bá ń bá aṣọ jà. Baálé á tẹrí síwájú, ìyàwó á fìka họ ọ́ lọ́rùn, eruku á sì bò ó lọ́wọ́ bí àtíkè.

Àṣé wàhálà ń bẹ nínú àtíkè yẹn. Àyà ìyàwó bẹ̀rẹ̀ sí í há. Ikọ́ fée dé. Bó bá mí, á máa dún bí fèrè tó ti là. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní eruku ìyẹ́ ẹyẹ ló fà á.

"Mà, bí nǹkan ò bá yí padà, ẹyẹ yẹn á kúrò nílé o."

Nígbà tí wọ́n délé, ìyàwó fẹ̀yìn ti ògiri, ó bú sẹ́kún. "Bàbá ọmọ mi, bí wọ́n bá gbé e lọ, ta ni mo fẹ́ máa bá sọ̀rọ̀?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dun alágbàfọ̀ wọra. Ọkùnrin wà nílé, ìyàwó ẹ̀ ń bi í pé ta ni òun máa bá sọ̀rọ̀! Ó bá pinnu: ẹyẹ ò ní lọ, ìyàwó ò ní wúkọ́ mọ́, eruku ni yóò lọ. Kí tiẹ̀ ni iṣẹ́ òun tẹ́lẹ̀?

Lọ́jọ́ kejì, bí ìyàwó ṣe jáde lọ ra oògùn, ó po ọṣẹ títí ó fi hó yeye, ó sì ki Baálé bọ inú ike. Ẹyẹ ké, ó gé e ní ìka jẹ, ọkọ ò jáwọ́. Ó fọ ìyẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó ṣan án, ó tún padà fọwọ́ gbo ó bí ẹni ń fọ ọrùn ẹ̀wù. Omi funfun ń ṣàn lọ, inú ẹ̀ ń dùn. Àṣejù, baba àṣetẹ́! Ẹyẹ tó jẹ́ pé ńṣe ni omi máa ń yọ̀ kúrò lára ẹ̀ tẹ́lẹ̀, omi rin ín dé awọ. Ó rọ̀ bí àkísà, ó ń gbọ̀n rìrì, ojú ẹ̀ ń pa dé. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

Ibi tí ìyàwó bá wọn nìyẹn. Ó fi táwẹ́ẹ̀lì gbígbẹ wé ẹyẹ, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ àyà tó ń dùn ún yẹn gan-an, wọ́n sì forí lé ọ̀dọ̀ dókítà ẹran. Lọ́nà, ẹyẹ ń gbọ̀n, ìyàwó ń mí túpetúpe, ọkọ ò mọ èyí tí ì bá kọ́kọ́ bẹ̀.

"Bàbá, ìdọ̀tí kọ́ lẹ fọ̀ yẹn o," dókítà ẹran ló wí bẹ́ẹ̀. "Àwọn ìyẹ́ kan wà lára ẹ̀ tó máa ń rún di lẹ́búlẹ́bú. Òun ni kì í jẹ́ kí òjò rin ín. Ẹ ò lè fọ̀ ọ́ tán láé, àfi tẹ́ ẹ bá fọ ẹyẹ pa."

Ó gbé Baálé sábẹ́ iná tó ń móoru, títí ó fi lajú. Ó ní kí wọ́n máa fi omi lásán wọ́n ọn láàárọ̀, kí ọṣẹ má débẹ̀. Aṣọ tútù ni kí wọ́n máa fi nulẹ̀, ìgbálẹ̀ ń tú eruku sókè ni. Kí ẹyẹ ní yàrá tiẹ̀, kí ìyàwó má sì gbé e mọ́ra mọ́.

"Kí n má gbé e mọ́ra mọ́?" ìyàwó bi í.

Alágbàfọ̀ yọ̀ǹda yàrá ìlọṣọ fún Baálé, ó kó tábìlì ẹ̀ lọ sẹ́yìnkùlé. Láti ìgbà náà, bó bá ti di ìrọ̀lẹ́, ìyàwó á gbé àga síta, lẹ́yìn gíláàsì fèrèsé. Ọkọ á wà nínú, aṣọ á bò ó nímú, ìka ẹ̀ á wà lọ́rùn ẹyẹ. Baálé á tẹrí síwájú, ojú ẹ̀ á wà lára obìnrin tó wà níta.

"Ẹ lọ sókè díẹ̀," ìyàwó á wí. "Ẹ rọra o. Ẹ̀gbẹ́ etí ló fẹ́."

"Ibí?"

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ibẹ̀ gan-an." Obìnrin náà á dijú, ìka tiẹ̀ á máa mì lórí itan, bí ẹni pé òun ló ń họ ọ́.

Bí wọ́n bá ṣe tán, eruku á ti bo ẹ̀wù alágbàfọ̀. Á bọ́ ọ, á fọ̀ ọ́, á wẹ̀ látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀, á wọ òmíràn, kó tó lọ jókòó ti ìyàwó ẹ̀. Aṣọ oníbàárà lè dúró.

"Ẹ pẹ́ lónìí," ìyàwó á wí, á gbórí lé e láyà, á sì máa mí.