Omi Ẹ̀rọ tí Ìyá Mi Fi Ránṣẹ́ sí Mi

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ẹdẹ, kò sí ohun tí mo mọ̀ dáadáa tó ọ̀nà odò. Mo mọ ibi tí òkúta wà, mo mọ ibi tí gbòǹgbò igi ti yọ jáde tó máa ń gbé ọmọ tí kò bá wolẹ̀ ṣubú, mo sì mọ ibi tí ilẹ̀ ti máa ń yọ̀ bí ilá nígbà òjò. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ̀ ń ra omi inú ọ̀rá, tí ẹ ó fi eyín já etí rẹ̀, tí ẹ ó fà á mu tán, tí ẹ ó sì sọ ọ̀rá náà sí ojú títì, ẹ má bínú sí mi o, ẹ kò mọ ohun tí à ń pè ní omi. Orí la fi ń ru tiwa wálé. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, a ti ká òṣùká, a ti gbé ìkòkò, a ti forí lé odò, nítorí ẹni tó bá pẹ́ dé ibẹ̀, ẹrẹ̀ ló máa bù.

Kì í ṣe èmi nìkan ló ń lọ. Àwa ọmọbìnrin agbo ilé la jọ máa ń lọ, ariwo wa kì í sì í jẹ́ kí ará ilé sùn. Ṣùgbọ́n bí a bá ti ń bọ̀, ìyá oníkálukú á ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, á bá ọmọ rẹ̀ sọ ìkòkò kalẹ̀, á ní, "Ó káre, ọmọ mi." Èmi ni n óò dá rọra bẹ̀rẹ̀ mọ́ ara ògiri, tí n óò sọ ìkòkò tèmi fúnra mi. Bàbá mi ti kú kí n tó mọ ojú wọn, ìyá mi sì wà ní Kúmásì.

Láyé ìgbà náà, ó ṣòro láti rí agbo ilé kan ní Ẹdẹ tí kò ní èèyàn ní Gólù Kóòsì. Lẹ́yìn ikú bàbá mi, owó òwò tán lọ́wọ́ ìyá mi. Ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin tó wà ní Kúmásì ló ránṣẹ́ pè wọ́n pé kí wọ́n wá máa ta abẹ́rẹ́, òwú, ìlẹ̀kẹ̀ àti òòyà lọ́dọ̀ òun. Wọ́n fi mí sílẹ̀ sọ́wọ́ ìyá bàbá mi, tí à ń pè ní Ìyá Àgbà. Eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ká nígbà náà. Ìyá mi dì mọ́ mi lẹ́bàá ọkọ̀, wọ́n ní àwọn ń bọ̀ nígbà Iléyá. Wọn kò sọ Iléyá èwo.

Gbogbo Iléyá ni mo máa ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà agbo ilé. Ọkọ̀ á dé, àwọn ará Kúmásì á bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àpótí àti aṣọ tuntun, àwọn ọmọ wọn á fò mọ́ wọn, n óò sì máa wo ẹni tó kù nínú ọkọ̀ títí ọkọ̀ náà á fi ṣófo. Ìyá Àgbà á pè mí wọlé, wọ́n á fún mi ní ẹran tó tóbi ju tèmi lọ. Wọ́n fẹ́ràn mi, n kò lè purọ́ mọ́ wọn, ṣùgbọ́n àgbàlagbà tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni wọ́n, sòbìyà sì ń dà wọ́n láàmú. Èmi àti wọn lè wà nínú yàrá kan náà láti ọ̀sán di alẹ́ kí a má sọ ju gbólóhùn mélòó kan lọ. Àárò ìyá mi a máa sọ mí gan-an.

Ó yẹ kí n sọ ti sòbìyà yìí fún yín, nítorí ẹ kò bá a. Aràn gígùn kan ni, funfun bí òwú, tó máa ń yọ lẹ́sẹ̀ èèyàn. Bó bá yọ orí jáde, ẹ̀ẹ̀ ní fà á tuu, díẹ̀díẹ̀ lẹ ó máa wé e mọ́ igi tẹ́ẹ́rẹ́, títí yóò fi jáde tán. Ìgbà iṣẹ́ oko gan-an ló máa ń mú èèyàn balẹ̀. Alágbára ọkùnrin á máa fi ìdí wọ́ kiri ọ̀ọ̀dẹ̀, koríko á sì máa gba oko rẹ̀ ní Alájué, níbi tí àwọn ará ilé wa ti ń dáko. Wolé-wolé ti sọ títí pé omi odò tí à ń mu ló fà á. Àwọn àgbà wa rẹ́rìn-ín, wọ́n ní òun tó wọ ṣòkòtò péńpé yìí, kí ló mọ̀?

Bàbá kan wà ní agbo ilé wa tó ń ná ọjà Kúmásì, tó ń lọ tó ń bọ̀. Àwọn ló máa ń bá wa jíṣẹ́. Bí wọ́n bá fẹ́ lọ, wọ́n á jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀, ẹni tó bá ní èèyàn ní ìdálẹ̀ á wá sọ tirẹ̀ sí wọn létí, wọ́n á tún un sọ kí ó lè dá wọn lójú. Lọ́jọ́ kan, mo sọ fún Ìyá Àgbà pé mo fẹ́ ránṣẹ́ sí ìyá mi pé kí wọ́n máa bọ̀ wálé. Ìyá Àgbà gbá ẹnu mú.

"Má dán an wò! Ṣé o fẹ́ pa ìyá ẹ ni? Bó bá gbọ́ lọ́hùn-ún pé kí òun máa bọ̀ nílé, á rò pé mo ti kú ni. Ẹkún ni yóò sun dé ibí."

Bẹ́ẹ̀ ni àṣà wa rí lóòótọ́. Iṣẹ́ òkú ni à ń fi irú ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́. Mo bá ro ọgbọ́n kan. Mo ní n óò ráhùn ohun tó le, tí kì í ṣe ikú, ọkàn ìyá mi kò sì ní gbà á, wọ́n á di ẹrù wọn fúnra wọn. Nígbà tó kàn mí, bàbá náà ní, "Ìwọ ńkọ́, ọmọ? Kí ni kí n bá ẹ sọ fún ìyá ẹ?"

"Ẹ bá mi kí wọn. Ẹ ní ọ̀nà odò jìn. Ẹ ní ó ń rẹ̀ mí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣé iṣẹ́ náà nìyẹn. Mo ní òun náà ni.

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, ọgbọ́n mi ṣiṣẹ́. Nígbà tí bàbá náà padà dé, wọ́n pè mí, wọ́n ní ìyá mi gbọ́ iṣẹ́ mi, ojú wọn kún fún omi, wọ́n sì ti ń tọ́jú owó ọkọ̀. Iléyá tó ń bọ̀ yìí, kò sí ohun tó máa yẹ̀ ẹ́. Mo sá ká agbo ilé. Ìyá Àgbà pa ilẹ̀ yàrá wa, wọ́n ya ibì kan sọ́tọ̀ fún ẹní ìyá mi. Odò tí mo kórìíra di ohun tí mo ń fi orin lọ.

Àárín ìgbà yẹn ni ìjọba gbé omi ẹ̀rọ dé ojú títì. Wọ́n ri páìpù mọ́lẹ̀, wọ́n sì gbé ẹ̀rọ kan kalẹ̀ fún gbogbo àdúgbò. Ìjà ibẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ, garawa ń fọ́ garawa lórí. Wọ́n wá ní agbo ilé tó bá fẹ́ kí omi dé ẹnu ọ̀nà òun, kí ó ra páìpù, kí ó sì san owó àwọn tó máa gbẹ́lẹ̀. Baálé wa pe ìpàdé sí ọ̀ọ̀dẹ̀ wọn. Bàbá àgbà kan fò dìde, inú ń bí wọn.

"Omi! Omi tí Ọlọ́run ń rọ̀ fún wa lọ́fẹ̀ẹ́, òun lẹ ní ká wá máa fi owó rà?"

Baálé kò dìde, nítorí wọn kò lè dìde. Wọ́n na ẹsẹ̀ wọn tó wú síwájú, pẹ̀lú igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n wé sòbìyà mọ́.

"Ẹ wo èyí. Ọ̀fẹ́ náà ni."

Ibẹ̀ ni wọ́n ti fẹnu kò. Wọ́n ní ọkùnrin ilé á dá owó, ìyàwó ilé á dá, ará ìdálẹ̀ á sì dá ju ará ilé lọ. Ẹ mọ̀ bí a ti máa ń rò ó nílé, pé orí igi ni àwọn ará ìdálẹ̀ ti ń ká owó. Bàbá tó ń jíṣẹ́ tún di ẹrù, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ omi lọ sí Kúmásì. Mo yọ̀, mo ní wọ́n á mú ìyá mi bọ̀.

Iléyá ku dẹ̀dẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ wọn dé. Mo wo inú ọkọ̀ náà títí. Bàbá náà gbọ́wọ́ lé mi lórí, wọ́n kọjá sí ọ̀ọ̀dẹ̀ Baálé. Gbogbo agbo ilé pé síbẹ̀. Wọ́n ń dárúkọ ará ìdálẹ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gbé owó rẹ̀ kalẹ̀, wọ́n sì ń ṣàdúà fún un. Nígbà tó kan ìyá mi, ohun tí wọ́n gbé kalẹ̀ ju ti àwọn ọkùnrin lọ. Ariwo sọ.

Bàbá náà gbé ọwọ́ sókè kí wọ́n dákẹ́. Wọ́n ní, "Ó ní kí n sọ fún ọmọ òun pé owó ọkọ̀ òun náà wà níbẹ̀. Ó ní kó má lọ sí odò mọ́. Ó ní bàbá rẹ̀ kò sí láyé láti bá a dáwó, òun kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tì í kúrò nídìí ẹ̀rọ."

Gbogbo ilé hó, "Àmín o! Àmín! Ìyá gidi ló bí ẹ yìí!"

Wọ́n gbé mi sókè. Àwọn obìnrin ń fọwọ́ pa mí lórí, Baálé ń súre, Ìyá Àgbà tí ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n ń jó. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn, nítorí bí wọ́n ti tọ́ mi nìyẹn. Nígbà tí wọ́n gbàgbé mi tán, mo lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo jókòó sáàárín ògiri àti igi ìdáná, mo sunkún títí ohùn mi fi há. Èèyàn tó pọ̀ tó yẹn ló ń bá mi yọ̀, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan tí mo lè sọ ohun tó ń ṣe mí fún.

Omi dé. Ó kọ́kọ́ pọ́n bí ilẹ̀, ó wá mọ́ gaara. Wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sọ́wọ́ ìyá kan, tó ń ṣí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, tó sì ń gba owó díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ ilé kọ̀ọ̀kan, kí a lè rí ohun fi tún un ṣe bó bá bàjẹ́. Kò sẹ́ni tó tì mí rí níbẹ̀. Bí mo bá ti gbé garawa dé, wọ́n á ní, "Ẹ yà fún un, owó ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀." Kí n tó mọ̀, omi ti kún, mo ti gbé e délé, gbogbo òwúrọ̀ á sì wà nílẹ̀ tí n óò fi máa ronú ìyá mi. Nígbà tí mo ń rin ọ̀nà odò, ó kéré tán, mo máa ń wo ibi tí ẹsẹ̀ mi ń tẹ̀.

Mo ti ga ju Ìyá Àgbà lọ nígbà tí ìyá mi dé. Wọn kò tún pe ibẹ̀ ní Gólù Kóòsì mọ́ nígbà náà, Gáná ni wọ́n ń pè é. Ìrọ̀lẹ́ ni, àwa ọmọbìnrin pọ̀ nídìí ẹ̀rọ. Obìnrin kan bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ó sanra díẹ̀, ó wé gèlè bí àwọn ará ọ̀hún ṣe ń wé e. Ó wò wá, ó fi ẹkún bú, ó sáré wá, ó dì mọ́ ọmọ tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ń pe orúkọ mi sí i létí. Ọmọ náà ń wò mí láti orí èjìká wọn, kò mọ ohun tí ì bá ṣe.

Mo kúnlẹ̀ sínú omi tó ṣàn sílẹ̀. Mo ní, "Ẹ káàbọ̀, mà. Èmi nìyí."

Ìyá mi yípadà. Ojú tì wọ́n, ojú ti èmi náà. Wọ́n dì mọ́ mi, ṣùgbọ́n ara àwa méjèèjì le. Wọ́n lo Iléyá yẹn tán lọ́dọ̀ wa, à ń bá ara wa sọ̀rọ̀ bí àlejò àti onílé, mo ń gbé omi fún wọn, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Wọ́n tún padà sí ìdí òwò wọn.

Ayé ti yí o. Ẹ̀rọ náà ti gbẹ, ìpẹtà ti jẹ páìpù rẹ̀, oníkálukú sì ti ń gbẹ́ kànga onímọ̀nàmọ́ná sínú ọgbà tirẹ̀, ó kọ́ ògiri yí i ká. Ọmọ tó wà lókè òkun ń rí ojú ìyá rẹ̀ lórí fóònù láàárọ̀ lálẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń sọ pé ìjọba àtijọ́ ló fún wa lómi, mo sì máa ń ṣe hẹ̀n-ẹ́n. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí agbo ilé wa lẹ́yìn ẹ̀rọ yẹn, ẹ wo ẹsẹ̀ wọn, kò sí àpá sòbìyà lára ọ̀kankan. Bí wọ́n bá bi mí pé ṣé inú mi dùn lọ́jọ́ tí omi dé, mo máa ń ní bẹ́ẹ̀ ni. Kí ni mo fẹ́ sọ lójú ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dá ṣáká? Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ka èyí kì í ṣe ọmọ agbo ilé wa, mo lè sọ ọ́ fún yín. Odò náà ì báà jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ, sòbìyà ì báà gba ẹsẹ̀ mi méjèèjì, ìyá mi ni mo fẹ́.