Ọkùnrin Tó Ti Ògbómọ̀ṣọ́ Pa Hítà

Bí ẹ bá ń wá ẹni tó gbọ́n ju ọgbọ́n lọ ní gbogbo Dallas, ẹ wá kí Ọládèjì ní Grand Prairie. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe, kò sì sí ohun tí kò mọ̀. Ó mọ òfin ju lọ́yà lọ, ó mọ oògùn ju ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì lọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó yàn láàyò ni iná pípa. Tí ẹ bá wọ ilé rẹ̀, kí ẹ tó jókòó, á ti pa iná tí ẹ fi ríran wọlé. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun ló máa ń sáré lọ pa iná yàrá àwọn ọmọdé, àwọn ọmọ á sì máa ké nínú òkùnkùn. Ahun ni, ẹ ṣáà má pè é bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀. Ó ní ètò lòun mọ̀ ọ́n ṣe.

Olúfúnkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ni mo káàánú. Ilé ìtọ́jú arúgbó kan ní Irving ló ti ń ṣiṣẹ́, ó ń gbé arúgbó láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí kẹ̀kẹ́, títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í dá a lóró. Dókítà ní kó yé gbé nǹkan tó wúwo. Ló bá pinnu láti sọ yàrá ńlá ilé wọn di ibi ìtọ́jú àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Ó ra àga kéékèèké, ó tẹ́ ẹní aláwọ̀ mèremère, ó gun àkàbà pẹ̀lú ẹ̀yìn tó ń dùn ún yẹn, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kun a, b, d sára ògiri. Àwọn aṣojú ìjọba máa wá yẹ yàrá náà wò ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní ọdún. Tí wọ́n bá ti fọwọ́ sí i, ó bọ́ lọ́wọ́ arúgbó gbígbé nìyẹn. Ó tilẹ̀ ti sọ fún wọn níbi iṣẹ́ pé òun ń lọ.

Nígbà tí Kérésìmesì ku díẹ̀, wọ́n fẹ́ lọ kí ìyá Ọládèjì ní Ògbómọ̀ṣọ́. Èmi ni wọ́n fún ní kọ́kọ́rọ́, torí òpópónà kan náà la wà. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń lọ, Ọládèjì fi òróró àdúrà pa gbogbo ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Ó dára. Lẹ́yìn náà ló lọ pa hítà tó ń mú ilé móoru. Ẹ ò rí ẹni tó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ tó ń pa làpálàpá!

Mo mọ̀ pé nílé wa lọ́hùn-ún, ẹni tó bá ń rìnrìn àjò a máa pa gbogbo nǹkan tó ń lo iná. Ó bọ́gbọ́n mu níbẹ̀. Ṣùgbọ́n níbí, inú àjà ni páìpù omi gbà kọjá. Tí òtútù bá mú omi inú rẹ̀ dì, páìpù á bẹ́. Ẹni tó bá ti lo ìgbà òtútù méjì péré ní Texas ti gbọ́ ọ. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n kéde pé òtútù ńlá ń bọ̀, mo lọ tan hítà láti ara ẹ̀rọ kékeré tó wà lára ògiri, mo sì jẹ́ kí omi máa kán tó, tó, tó nínú gbogbo ẹ̀rọ omi kó má bàa dì. Nígbà tí mo padà débẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ilé ti tutù bí inú fíríìjì. Mo tún tàn án. Kí n tó dé ẹnu ọ̀nà, ó ti kú. Ẹ̀rù bà mí, kí n má purọ́. Ìgbà náà ni ìpè fídíò wọlé sórí fóònù mi.

Ọládèjì ni, ó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, òógùn bò ó, fáànù ń fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ó ń mu ọsàn.

"Sister Sẹ̀gilọlá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má touch thermostat yẹn mọ́. Mo ń rí gbogbo ẹ̀ lórí app fóònù mi."

"Ọládèjì, freeze ń bọ̀ o. Jẹ́ kó wà lórí fifty-five."

"Ta ló wà nílé tí ẹ ń yáná fún?"

"Páìpù ni."

Ó rẹ́rìn-ín títí ọsàn fi fẹ́ há a lọ́fun. "Páìpù! Ṣé páìpù máa ń gbọ̀n ni? Àbí kí n ra sweater fún un?"

Mo gbọ́ ohùn Olúfúnkẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, orúkọ ọmọ wọn ló fi ń pè é. "Daddy Tèmi, ẹ jẹ́ kí wọ́n tàn án, ẹ jọ̀ọ́. Inspection mi ńkọ́?"

"Fúnkẹ́, relax. Mo ti anoint ilé yẹn. Mo ti lock heater báyìí, kò sẹ́ni tó lè tàn án."

Ó sì tì í lóòótọ́. Mo tẹ ẹ̀rọ ara ògiri yẹn títí ìka fi ń ro mí. Mo ní kí n ti omi láti ìta, ìdérí irin kòtò tí wọ́n ti ń tì í kò ṣí fún mi. Inú bí mi débi pé mo dúró nínú ilé òfìfo yẹn, mo bú Ọládèjì, mo sì bú u dáadáa.

Òtútù dé. Ọ̀nà di yìnyín, ẹnikẹ́ni kò lè jáde. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ ni Sharon, aládùúgbò wọn, pè mí: "There's water coming out from under their garage." Mo sáré débẹ̀. Páìpù ti bẹ́. Àjà ti wó lulẹ̀ sórí àwọn àga kéékèèké yẹn, ẹní ti wú bí ẹ̀bà, a, b, d ti ṣí kúrò lára ògiri. Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún. Olúfúnkẹ́ ni mo ń sunkún fún, kì í ṣe ilé.

Wọ́n dé, ìbẹ̀wò ìjọba sì di ohun tí a kò mọ ọjọ́ rẹ̀ mọ́. Ẹ rò pé Ọládèjì bẹ ìyàwó rẹ̀? Láti pápákọ̀ òfurufú ló ti ń sọ pé ọwọ́ ayé ni. Ó ní ojú tí àbúrò bàbá òun fi wo òun ní Ògbómọ̀ṣọ́, òun ti fura. Bàbá arúgbó tí kò mọ apá ibi tí Texas wà! Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín.

Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, ó gba máíkì. Ó ní kí ìjọ gba òun, pé àwọn ọ̀tá ilé bàbá òun ti tẹ̀lé òun kọjá òkun, wọ́n ti fọ́ páìpù òun. Pásítọ̀ Olúdáre kì í fi àdúrà ogun ṣeré. Ó ní kí gbogbo wa dìde.

"Ẹni tó wà nídìí omi tó ba ilé ọmọ Ọlọ́run yìí jẹ́, kó má rí àárọ̀ ọ̀la!"

Àmín dún bí ẹni pé òrùlé fẹ́ ṣí. Ti Ọládèjì ló ròkè jù.

Olúfúnkẹ́ dìde. Ó rọra rìn nítorí ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì gba máíkì lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀.

"Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́ sir, ẹ dá àdúrà yẹn dúró kó tó pa Daddy Tèmi. Àwọn gan-an ni wọ́n pa heater. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti fi phone pa á. Ojú mi ló ṣe, mo sì bẹ̀ wọ́n."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín. Èmi ni, mi ò sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Pásítọ̀ ní, "Sister Fúnkẹ́, ẹ dárí jì wọ́n. Ẹ jẹ́ kí àlàáfíà wà."

"Mo ti dárí jì wọ́n, sir. Mo ti call ibi iṣẹ́, mo ń padà síbẹ̀ lọ́la. Ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n tẹ̀lé mi, ká jọ máa gbé àwọn arúgbó yẹn."

Ó dá máíkì padà fún ọkọ rẹ̀, ó sì wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.