Bí Simbiat Ṣe Gbọ́ràn sí Ọ̀gá Johnson Lẹ́nu

Ó yẹ kí n kéde rẹ̀ ní gbangba, kó má di pé ẹlòmíì ló máa sọ ọ́: Simbiat Làsísì kì í jẹ búrẹ́dì láìkọ́kọ́ gbé e sí imú. Àwọn tó ń ta búrẹ́dì ní Àgége ti mọ̀ ọ́n mọ́ ọn. Wọn kì í bá a jà mọ́.

Iṣẹ́ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó kàwé dáadáa, ó sì wà ní láàbù ilé iṣẹ́ kan ní Ìkejà, níbi tí wọ́n ti ń fi kòkòrò àìfojúrí ṣe ẹ́ńsáìmù fún àwọn oníbúrẹ́dì. Ẹ́ńsáìmù yìí ni kòkòrò náà fi ń gé sítáàṣì sí wẹ́wẹ́ kó lè rí i jẹ. Bó bá dé inú ìyẹ̀fun, á mú kí búrẹ́dì rọ̀. Simbiat ló tún kòkòrò náà ṣe, débi pé bí wọ́n bá da oògùn kan sí i, á máa pèsè ẹ́ńsáìmù rẹ̀ ní àpọ̀jù. Johnson, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní láàbù, ọlọ́rọ̀ dídùn tí kì í bọ́ táì, gbé kòkòrò náà lọ bá Alhaja Uswat tó ni ilé iṣẹ́, ó ní iṣẹ́ ọwọ́ òun ni. Wọ́n fi í ṣe ọ̀gá láàbù. Simbiat kí i kú oríire. Láti ọjọ́ náà ló ti ń wá bí òun yóò ṣe gba ipò yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, lójú gbogbo ayé.

Alhaja wá pe àwọn oníbúrẹ́dì ńláńlá pé kí wọ́n wá wo iṣẹ́. Johnson ní kí wọ́n da oògùn náà sínú táńkì tí wọ́n ti ń sin kòkòrò náà láti ìbẹ̀rẹ̀, kó sì pọ̀. Simbiat ṣàlàyé níwájú Alhaja pé ó yẹ kí kòkòrò kọ́kọ́ pọ̀ sí i ná: oúnjẹ àti agbára tó fi ń ṣe ẹ́ńsáìmù náà ló fi ń kọ́ ara rẹ̀, òun náà ló fi ń pín sí méjì. Bí gbogbo rẹ̀ bá bá ẹ́ńsáìmù lọ, kò ní dàgbà.

"Ẹ́ńsáìmù ara rẹ̀ ni, kì í ṣe májèlé," Johnson dá a lóhùn. "Àbí ìwọ lo bí wọn ni, ìyá kòkòrò?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Alhaja náà rẹ́rìn-ín.

"Ó ti yé mi, sà. Láti ìbẹ̀rẹ̀, kó sì pọ̀."

Bó ṣe dà á nìyẹn. Ó tiẹ̀ fọwọ́ kó tó dà á.

Nígbà tí àwọn àlejò dé, omi táńkì tó yẹ kó ti ki bí ọ̀gì ṣì mọ́ gaara. Ìwọ̀nba kòkòrò tí wọ́n kó sí i ṣì wà níbẹ̀, wọ́n ti ṣiṣẹ́ títí ó fi rẹ̀ wọ́n, wọn ò bímọ. Ẹ́ńsáìmù tó wà níbẹ̀ kò tó ṣe búrẹ́dì àdúgbò kan. Oníbúrẹ́dì kan fẹ́ mọ̀ bóyá omi náà ni wọ́n ń tà. Òógùn bo Johnson. Simbiat gbé àga fún un.

Wọ́n ní kí Johnson lọ máa bójú tó ilé ìkẹ́rùsí ní Ìlúpéjú. Simbiat ló fi ibi tí bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ ti ń gbéra hàn án, tẹ̀ríntẹ̀rín.

Alhaja wá pè é sí ọ́fíìsì.

"O mọ̀ pé wọn ò ní dàgbà, o sì dà á?"

"Mo sọ bẹ́ẹ̀, mà. Ẹ̀yin náà rẹ́rìn-ín."

Àga ọ̀gá láàbù ṣófo, kò sì sí ẹlòmíì tó mọ iṣẹ́ náà. Alhaja fẹ́ fìyà jẹ ẹ́ ná, ṣùgbọ́n ìgbọràn nìkan ni ẹ̀ṣẹ̀ tó rí kà sí i lọ́rùn. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ìyà wo lẹ máa fi jẹ ẹni tó gbọ́ràn?