Mo Dágbére fún Bouaké Tán Kí N Tó Bá Ara Mi Nínú Àgbá

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, mo ti búra pé mi ò ní sọ ọ̀rọ̀ yìí síta. Ṣùgbọ́n nígbà tí gbogbo Ahougnansou àdúgbò wa ti gbọ́ ọ, kí ló tún kù tí mo ń fi pamọ́? Ó sàn kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu èmi Ràfátù fúnra mi ju kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu Ìyá Bọ́lá lọ, torí ìyẹn máa fi iyọ̀ sí i!

Bouaké níbí ni wọ́n bí mi sí. Ìsọ̀ mi wà ní àdúgbò ọlọ́jà tí wọ́n ń pè ní Commerce. Àgádágodo, ìṣó, ọwọ́ ilẹ̀kùn àti ṣọ́bìrì ni mo ń tà. Bàbá àwọn ọmọ mi ti ṣaláìsí, àwọn ọmọ ti wà nílé ọkọ, nítorí náà èmi àti Màmá mi la jọ ń gbé ilé oníyàrá méjì kan ní Ahougnansou. Ilé náà ní àgbàlá, igi máńgòrò sì wà láàárín rẹ̀. Ẹ má gbàgbé àgbàlá yẹn o.

Ẹni tó bá ń gbé Bouaké mọ̀ pé tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, omi ẹ̀rọ á máa ṣe bí àna ẹni. Kì í sọ ìgbà tó ń bọ̀, bó bá sì dé, gbogbo ilé á dìde. Ó lè yọ láàárọ̀ kùtù, ó lè yọ lọ́sàn-án gangan. Ohun tí a máa ń ṣe ni pé a ó ki rọ́bà bọ ẹnu ẹ̀rọ, a ó ti ìdí rẹ̀ kejì bọ inú àgbá, a ó sì ṣí ẹ̀rọ sílẹ̀ gbayawu. Ìgbà tó bá wù ú kó dé, kó bá wa nílé.

Lọ́dún yìí, ọ̀rọ̀ náà sú mi. Ọyẹ́ ti la ètè mi sí méjì, eruku ti di ìyẹ̀fun lójú mi. Lọ́jọ́ kan mo ti fi ọṣẹ para láti orí dé àtàǹpàkò nígbà tí mo rí i pé ìsàlẹ̀ korobá ni mo ń fi igbá ha. Bí mo ṣe dúró síbẹ̀ tí ọṣẹ ń gbẹ mọ́ mi lára ni fóònù dún. Múfú àbúrò mi ni, láti Abidjan. Kí ni mò ń gbọ́ lẹ́yìn rẹ̀? Omi! Ó ń fi rọ́bà fọ ọkọ̀! Ó ń bá mi sọ̀rọ̀, kò ti ẹ̀rọ pa, omi ń ṣàn lọ sí gọ́tà! Inú bí mi débi pé mi ò mọ ìgbà tí mo sọ pé mò ń kó bọ̀.

Mo sọ fún Màmá. Ìbéèrè kan péré ni wọ́n bi mí: ṣé mo ti sùn níbẹ̀ wò? Mo ní kí ni mo fẹ́ sùn wò, ṣé omi ni wọ́n máa ń sùn wò ni? Màmá ní a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná, wọ́n sì yíjú sí ìkòkò wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìkòkò fún yín díẹ̀. Kumasi ni Màmá ti ṣe ọmọge. Nígbà tí ìjọba ní kí àwọn àlejò kúrò ní Ghana, ọbẹ̀ wà lórí iná lọ́jọ́ tí wọ́n wá lé wọn. Bí Màmá ṣe fi ìkòkò sílẹ̀ lórí iná nìyẹn, tí wọ́n gbé àpótí, títí wọ́n fi bá ara wọn ní Bouaké. Ìtàn yìí, a ti gbọ́ ọ tó ẹgbẹ̀rún ìgbà. Gbólóhùn kan náà ló sì fi ń parí: "Ọbẹ̀ yẹn, a ò jẹ ẹ́."

Ṣùgbọ́n ta ló ń rántí ọbẹ̀ nígbà tí omi ń pè é? Mo gba ọ̀dọ̀ onílé wa lọ. Bàbá Kouassi ni, àgbà ẹ̀yà Baoulé kan tí kì í kánjú sọ̀rọ̀. Láti kékeré ló ti ń pè mí ní Anago, orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbí. Mo ní a máa kúrò nípárí oṣù. Ó bi mí bóyá Màmá ti gbọ́. Mo ní wọ́n ti gbọ́. Irọ́ kọ́ o, wọ́n gbọ́! Ṣé ó bi mí bóyá wọ́n gbà ni? Ó ní ó dáa, obìnrin tíṣà kan ti ń bẹ òun fún ilé láti ọjọ́ yìí.

Ó wá ku ìdágbére. Nínú ẹgbẹ́ àwa obìnrin Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, òfin kan wà tí àwọn ìyá wa gbé ti Ghana bọ̀. Ẹni tó bá ń lọ kò gbọdọ̀ fi ẹrù pamọ́ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ohun tí o kò bá lè gbé, pín in. Ohun tí o bá sì ti pín, o ò gbọdọ̀ padà wá bèèrè rẹ̀, ì báà jẹ́ abẹ́rẹ́. Ọ̀pọ̀ ọ̀rẹ́ ló ti dọ̀tá nítorí ẹrù tí wọ́n fi síkàáwọ́ ara wọn.

Lọ́jọ́ ìdágbére, ẹgbẹ́ ṣàdúrà fún mi, wọ́n fún mi ní kúlà tuntun kan àti aṣọ. Èmi náà dìde láti sọ̀rọ̀. Áà, ẹnu mi yìí! Mo ní kí àwọn tó lè máa ṣe sùúrù pẹ̀lú bídọ̀n, kẹ́ẹ̀gì omi wa yẹn, máa bá a lọ, èmi ń lọ síbi tí omi ti ń bẹ èèyàn pé kó wá pọn òun. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, orí mi wú. Mo wá gbé àgbá mi, aláwọ̀ búlúù gbàǹgbà yẹn, mo fún Ìyá Bọ́lá alága wa, tó jẹ́ aládùúgbò wa. Mo fẹ́ pín ti Màmá náà, ṣùgbọ́n wọ́n gbé ìjókòó wọn lé e lórí, wọ́n jókòó títí gbogbo àlejò fi lọ.

Ètò wa ni pé èmi á ṣíwájú lọ wá ilé àti ìsọ̀, màá wá padà wá mú Màmá kí oṣù tó parí. Mo kó àgádágodo méjìlá sínú báàgì láti fi han àwọn oníbàárà, mo sì wọ ọkọ̀.

Omi wà ní Abidjan o! Mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Ọjọ́ tí mo dé Koumassi, àdúgbò Múfú ní Abidjan, kì í ṣe Kumasi ti Màmá o, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wẹ̀ tán, mi ò gbẹ! Òógùn gba iṣẹ́ lọ́wọ́ omi. Aṣọ tí mo sá ní ọjọ́ Ajé, ní Ọjọ́bọ̀ ó ṣì tutù. Mo wá ń ṣàárò ọyẹ́ tí mo bú.

Kò tán síbẹ̀. Òjò àìròtẹ́lẹ̀ kan rọ̀ lọ́jọ́ karùn-ún. A jókòó nínú yàrá, omi wọlé wá bá wa láìkanlẹ̀kùn, ó dé ọrùn ẹsẹ̀. Mo lọgun. Múfú kò lọgun ní tiẹ̀. Ó kàn gbé mátírẹ́ẹ̀sì sórí tábìlì, ó gbé tẹlifíṣọ̀n sórí àpótí aṣọ, ó sì ń bá eré bọ́ọ̀lù tó ń wò lọ. Báàgì mi ńkọ́? Inú omi ló sùn. Nígbà tí mo fi máa ṣí i, àgádágodo mi ti dógùn-ún, kọ́kọ́rọ́ kò wọ ihò mọ́.

Ilé wíwá tún wá gorí ìyẹn. Àwọn abániwálé gba owó kí wọ́n tó fi ilé hàn mí, wọ́n gba owó lẹ́yìn tí wọ́n fi hàn mí tán. Yàrá kan ṣoṣo, tí mo bá na ẹsẹ̀ ó kan ògiri, owó oṣù rẹ̀ ju ti yàrá wa méjèèjì pẹ̀lú àgbàlá àti máńgòrò. Wọ́n tún ní kí n san kosíọ̀n, owó ìdógò, sílẹ̀, kí n san ti oṣù mélòó kan ṣáájú, kí n san ti abániwálé. Mo bi ọkùnrin náà bóyá yàrá la fẹ́ gbà ni àbí ìyàwó la wá fẹ́. Kò rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, mo wọ ọkọ̀ padà. Mo fi ìborùn bojú wọ Ahougnansou. Màmá ń rẹ́ ilá lábẹ́ máńgòrò. Wọn ò tilẹ̀ gbójú sókè. Wọ́n ní, "O ti dé? Bu omi mu, bó o bá rí i."

Wọ́n ní kí n tètè lọ bá onílé sọ̀rọ̀. Mo ní ó di ọ̀la. Ojú wo ni mo fẹ́ fi wo ẹgbẹ́, lẹ́yìn gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo sọ? Ọ̀la di ọ̀túnla. Mò ń rìn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nínú ilé ara mi bí olè. Bí ẹnì kan bá kan ilẹ̀kùn, màá sá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, mo jáde sí àgbàlá pẹ̀lú ìró kan ṣoṣo láti gba atẹ́gùn. Màmá ń se ọbẹ̀. Àfi bí mo ṣe gbọ́ ohùn Bàbá Kouassi lẹ́nu géètì! Ó mú tíṣà wá wo ilé, Ìyá Bọ́lá sì tẹ̀ lé wọn, torí kò sí ohun tí Ìyá Bọ́lá kì í tẹ̀ lé. Ẹnu ọ̀nà yàrá jìnnà sí mi. Kí ló wà nítòsí? Àgbá Màmá, tí omi kò kàn láti ọjọ́ mẹ́rin. Mo kó sínú rẹ̀. Mi ò sanra púpọ̀ o, ṣùgbọ́n mi ò tún tín-ín-rín. Mo ká eékún mọ́ àyà, mo fa ìdérí bo orí.

Mo ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ. Tíṣà ní ilé náà dára, afẹ́fẹ́ wà. Ó wá béèrè pé omi ńkọ́? Bàbá Kouassi wúkọ́, ó ní omi máa ń wá.

Bó ṣe sọ ọ́ ni rọ́bà tó wà létí mi náà wúkọ́. Fúù! Mo ní mo gbé! Omi dé! Omi tí mo torí ẹ̀ lọ sí Abidjan, orí mi ló bà lé! Ó tutù bíi yìnyín. Ó dé ìbàdí, ó dé ikùn, ó ń bọ̀ lọ́yàn. Màmá mọ̀ pé mo wà níbẹ̀ o, ọwọ́ wọn kò jìnnà sí ẹ̀rọ! Nígbà tí mo bi wọ́n lẹ́yìn náà, wọ́n ní ta ló ń ti ẹ̀rọ pa ní Bouaké nígbà tí omi bá dé?

Ìyá Bọ́lá gbọ́ ìró omi, ó sáré wá wò bóyá àgbá ti kún. Ó ṣí ìdérí. Ojú mi, ojú rẹ̀. Igbe tó ké, mo rò pé wọ́n gbọ́ ọ dé ìlú Diabo. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Mo dìde nínú omi, mo di ìró mi mú, mo ní, "Ẹ káàsán o."

Tíṣà ti wà lẹ́nu géètì. Bàbá Kouassi kàn ń wò mí. Ó ní, "Anago, ṣé Abidjan nìyí?"

Ojú tì mí, ẹkún gbọ̀n mí. Mo sọ ọ́ jáde láìfi ohunkóhun bò: mo ṣìṣe, mi ò fẹ́ lọ mọ́, ilé mi ni mo fẹ́, kó jọ̀ọ́. Ó mi orí. Ó ní òun ti fún tíṣà lọ́rọ̀, ìpadàbọ̀ kò sí nínú ọ̀rọ̀ àgbà. Ẹ̀yin èèyàn mi, kò sí ẹ̀rín mọ́ níbẹ̀. Mo wo Màmá nídìí iná, mo rí i pé èmi ọmọ wọn ni mo fẹ́ lé wọn kúrò nídìí ìkòkò nígbà kejì. Ó dùn mí dé egungun.

Màmá gbé ṣíbí lélẹ̀. Wọ́n wọlé, wọ́n gbé agolo bisikíìtì kan jáde, wọ́n yọ ìwé owó ilé tó ti pọ́n. Wọ́n fi èdè Dioula bi Bàbá Kouassi pé orúkọ ta ló wà níbẹ̀. Ó wò ó, ó ní tìrẹ ni. Wọ́n ní, ta ló wá gba ilé lọ́wọ́ rẹ kí a tó bí èyí tó wà nínú àgbá yìí? Ó ní ìwọ ni. Wọ́n ní, ṣé èmi wá dágbére fún ọ?

Bàbá Kouassi gbà á lọ́wọ́ wọn. Ó tún ìwé náà wò. Àfi bó ṣe bú sẹ́rìn-ín, tó ń fọwọ́ lu itan. Ó ní la vieille, ìyá àgbà, kò dágbére, nítorí náà ilé kò ṣófo. Yàrá méjì tó wà lápá títì, tó ń kó iṣu sí, ó ní òun á kó iṣu òun kúrò fún tíṣà. Obìnrin náà gbà, ó ní ó kéré tán, òun ti fojú ara òun rí i pé omi máa ń wá!

Màmá bu ọbẹ̀ fún gbogbo wa lọ́jọ́ yẹn, èmi tí mò ń gbọ̀n, onílé, tíṣà, àti Ìyá Bọ́lá tí àyà rẹ̀ kò tíì balẹ̀. Màmá jẹ tiwọn tán, wọ́n fi ìka nu abọ́. Láti ìgbà náà, ìtàn Kumasi ti ní ìparí tuntun. Wọ́n á ní, "Ọbẹ̀ yẹn, a ò jẹ ẹ́." Wọ́n á wò mí. "Ṣùgbọ́n ti Ahougnansou, mo jẹ ẹ́."

Ṣé wọ́n wá dárí jì mí? Ẹ má wulẹ̀ béèrè! Màmá ní níwọ̀n ìgbà tí èmi ti dágbére, èmi kì í ṣe onílé mọ́, ayálégbé wọn ni mí. Mò ń san tèmi fún wọn lóṣooṣù, omi pípọn sì di tèmi nìkan. Àgbá mi ńkọ́? Ìyá Bọ́lá ní òfin ni òfin. Tí ti Màmá bá gbẹ, inú àgbá tí mo fi owó mi rà ni mo ti ń lọ tọrọ omi, màá sì kúnlẹ̀ kí i kí n tó bù ú.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé, kí ẹ tó kó kúrò níbì kan nítorí omi, ẹ lọ sùn níbi tí ẹ ń lọ wò. Ẹ béèrè owó ilé, ẹ béèrè òjò, ẹ béèrè bóyá aṣọ máa ń gbẹ níbẹ̀. Ẹni tí ẹ bá jọ ń gbé, ẹ má ṣe wí fún un lásán, ẹ dúró gbọ́ èsì. Ẹ má sì pín àgbá yín!

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti dágbére rí tó tún padà? Kí lẹ pín tí wọn ò dá padà fún yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, kó má jẹ́ èmi nìkan ni màá máa jẹ ẹ̀sín. Màá ka gbogbo rẹ̀ tí mo bá dé, torí Màmá ń pariwo orúkọ mi báyìí. Omi ti yọ.